Orúkọ Tó Wà Lára Ike

Bí ẹ bá dé Ìkẹ́rẹ́ tí ẹ béèrè Ọ̀gbẹ́ni Ezekiel Bámijókò, ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ẹ bi kọ́kọ́ fọwọ́ pa ìdí ara rẹ̀ kó tó júwe ọ̀nà. Pirinsípà ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹgba tó fi kọ́ wọn ní bàọ́lọ́jì kò tíì fẹ̀yìn tì lọ́kàn àwọn tó jẹ ẹ́. Ọkùnrin náà mọ orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú ènìyàn, láti ọ̀nà ọ̀fun títí dé ìsàlẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń gbé ìgbẹ́ ara rẹ̀ fún ẹlòmíràn láti yẹ̀ wò kí ojú má tì í.

Àìsàn ìfun ló ń bá a fínra. Ìfun ńlá rẹ̀ a máa wú, egbò a máa yọ nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì máa bá ìgbẹ́ jáde. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ará àdúgbò pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, wọ́n ní kó yé lá ṣúgà. Dókítà obìnrin kan ní Adó ló fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, tó ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ṣúgà, ara Pirinsípà fúnra rẹ̀ ló ń bá ìfun rẹ̀ jà. Ó ní àìsàn náà kì í lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ó ṣeé tù. Ó fún un ní oògùn tí yóò máa gbé mì lójoojúmọ́, ó sì ní kó máa mú ìgbẹ́ wá fún àyẹ̀wò lóòrèkóòrè, nítorí ìfun lè máa jó lábẹ́lẹ̀ kí ẹni tó ni ín má mọ̀. Bí nọ́ńbà àyẹ̀wò bá wálẹ̀, inú tutù nìyẹn. Bó bá gòkè, abẹ́rẹ́ ló kàn, bí abẹ́rẹ́ kò bá sì ràn án, wọn yóò gé nínú ìfun náà.

Pirinsípà lo oògùn. Ẹ̀jẹ̀ dá. Ó tún padà sídìí iyán tí wọ́n fi iṣu Ẹmùré gún. Ìgbà náà ni Tósìn, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Kánádà, fi ìgò kápúsù kan ránṣẹ́. Próbáyótíìkì ni wọ́n kọ sí i lára. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń ṣe ìfun lóore ló wà nínú rẹ̀. Tósìn kọ ọ́ sórí Wásáàpù pé kí Bàbá máa lò ó mọ́ oògùn Dókítà. Pirinsípà ka ọ̀rọ̀ náà bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe máa ń ka ìbéèrè ìdánwò: ó ka ìdajì. Ó ti oògùn Dókítà sí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀, ó gbájú mọ́ kápúsù.

"Àwọn ọmọ ogun mi ti wọlé," ni yóò máa wí láràárọ̀, tí yóò máa fọwọ́ pa ikùn.

Mojírádé ìyàwó rẹ̀ kò gbà fún un rí. Olùkọ́ ni òun náà kó tó fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ kéékèèké ló sì kọ́, ìyẹn ni kò jẹ́ kó máa bẹ̀rù ọkùnrin tó bá ń ṣe agídí. Ògì ló ń sẹ́ lọ́jọ́ kan tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun tún wáyé.

"Àwọn tó wọ ọkọ̀ òfuurufú wá nìyẹn," ni ó wí. "Àwọn tó wà nínú omi ògì tèmi ńkọ́?"

"Tèmi ní ìwé ẹ̀rí."

"Ó dáa. Kí wọ́n máa bá yín gún iyán."

Lásìkò yẹn kan náà, Mojírádé ṣíwọ́ ṣúgà nínú tíì rẹ̀, ó sì ń se egbò igi kan tó korò mu. Pirinsípà ò jẹ́ kó gbádùn. Ó bi í bóyá ó fẹ́ padà di ọmọge ni, bóyá ọkọ mìíràn ló ń bọ̀. Mojírádé a rẹ́rìn-ín, a sì gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná.

Nígbà tí àkókò àyẹ̀wò mìíràn tó, Dókítà ránṣẹ́ pé kí Bàbá má wulẹ̀ wá sí Adó. Ilé àyẹ̀wò tuntun kan ti ṣí ní Ìkẹ́rẹ́, kó gbé e lọ síbẹ̀, wọn yóò bá a fi ránṣẹ́. Ta wá ló ni ilé àyẹ̀wò náà? Jeremiah. Jeremiah tí Pirinsípà ká mọ́bi tó ti ń wo ìwé ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kọ nínú ìdánwò, tó nà án ní gbàgede níwájú gbogbo ilé ìwé, tó sì mú kó máa wí i sókè pé, "Ohun tí kì í ṣe tèmi, n kò ní kọ orúkọ mi sí i." Ọ̀rọ̀ náà di orin lẹ́nu àwọn ọmọ. Títí di òní, àwọn àgbàlagbà kan wà ní Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣì ń fi dá ara wọn lẹ́kun.

Pirinsípà ronú. Kí òun gbé ìgbẹ́ fún Jeremiah? Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Láìpẹ́ yìí, ikùn rẹ̀ ti ń kùn, ó sì ti ń sáré lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ju bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Bí nọ́ńbà bá gòkè, Dókítà yóò béèrè oògùn, dúrọ́ọ̀ yóò sì jẹ́rìí. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà á, ẹ̀rù ọ̀bẹ sì ń bà á jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó gbé ike kékeré náà lọ bá Mojírádé.

"Ìyá Tósìn, inú tìrẹ mọ́. O ò ṣàìsàn rí."

"Kí lẹ fẹ́?"

Ó ṣàlàyé. Bó ti ń ṣàlàyé ló ń múra ìjà sílẹ̀, torí obìnrin yìí a máa bá a jiyàn lórí ibi tó yẹ kí fáànù kọjú sí. Ṣùgbọ́n Mojírádé kàn tẹjú mọ́ ike náà, ó gbà á, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́." Orí Pirinsípà wú. Ó rò pé ìfẹ́ ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ike náà lára, ó wé e sínú ọ̀rá dúdú, ó ki ọ̀rá sínú báàgì, ó gbé báàgì bọ abẹ́ apá. Jeremiah dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un, ó gba ike, ó ka orúkọ tó wà lára rẹ̀.

"Tiyín ni, sà?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́ tirẹ̀?" ni Pirinsípà wí, ó sì yára jáde.

Nígbà tí èsì dé, Jeremiah ló pè é lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ní nọ́ńbà ti gòkè, ó ga gan-an. Dókítà ti yọ Ọjọ́bọ̀ sílẹ̀ fún Bàbá, kó má jẹ́ kó yẹ̀, torí ẹni tí kò bá tíì forúkọ sílẹ̀, ó di oṣù tó ń bọ̀.

Pirinsípà dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wọ̀nyí. Wọ́n ti ṣi nǹkan ṣe, torí ohun tí wọ́n yẹ̀ wò náà kì í ṣe tirẹ̀ rárá, ti Mojírádé ni.

Ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu. Láti ìloro tó jókòó sí, ó ń gba ojú fèrèsé wo ìyàwó rẹ̀ tó ń mu tíì tí kò ní ṣúgà. Ẹ̀rù bà á ju ọjọ́ tó rí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ lọ.

Ó wọlé. Mojírádé wo ojú rẹ̀, ó gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀.

"Wọ́n ti pè yín," ni ó wí. "Kò dáa, àbí?"

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà òjò. Mo pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí. Mo fi ṣúgà sílẹ̀, mo ń mu egbò igi."

"Ẹ̀jẹ̀ ń bọ́ lára rẹ, o ò sọ fún mi?"

"Aláìsàn kan ti tó ulé kan, Bàbá Tósìn." Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dùn ún ni èdè Ìkẹ́rẹ́ máa ń yọ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀rù ló bà mí. Nígbà tí ẹ gbé ike wá, mo ní Ọlọ́run ló rán yín. Bó bá dáa, kó dáa fún yín. Bí kò bá dáa, màá ti mọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé èmi ni."

Pirinsípà tó ka ara rẹ̀ sí ọlọgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ike, àṣé ẹni méjì ló ń fi ike kan náà sá pamọ́. Ó jókòó tì í, ó mu nínú tíì náà. Ó korò.

"Ẹ jẹ́ kí n kàn lọ bẹ̀rẹ̀ tèmi lọ́tọ̀ ní Adó," ni Mojírádé wí. "Jeremiah ò ní mọ̀."

"Oṣù tó ń bọ̀ nìyẹn."

"Ẹ máa rí ìtìjú."

"Ìtìjú kì í ṣẹ̀jẹ̀," ni ó dáhùn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ilé àyẹ̀wò Jeremiah kún. Bí Pirinsípà ti wọlé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, gbogbo ìjókòó dìde. Ó sọ fún wọn kí wọ́n jókòó, ó wú ikọ́ bó ti máa ń wú u ní gbàgede.

"Jeremiah, èyí tí mo gbé wá lọ́jọ́sí, kì í ṣe tèmi. Ti ìyàwó mi ni. Mo kọ orúkọ mi sí ohun tí kì í ṣe tèmi. Òun ni kó gba Ọjọ́bọ̀." Ó ki ọwọ́ sínú báàgì. "Tèmi gan-an nìyí. Ó ṣì gbóná."

Obìnrin kan lórí bẹ́ǹṣì fi gèlè bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Jeremiah wo ọ̀gá rẹ̀. Ó hàn lójú rẹ̀ pé orin àtijọ́ ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó sì gbé e mì. Pirinsípà mọ ohun tó tọ́ sí òun. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń retí ẹgba.

Jeremiah fi báírò lé e.

"Ẹ kọ orúkọ wọn síbí, sà," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Màá pe Adó báyìí."

Ní Ọjọ́bọ̀, Dókítà fi ẹ̀rọ wo Mojírádé. Egbò ìfun ni, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó ní ó dára tí wọ́n tètè wá, oògùn yóò kápá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Pirinsípà, torí nọ́ńbà tirẹ̀ náà ti ń gòkè. Ó ní próbáyótíìkì dára, omi ògì dára, ṣùgbọ́n alábàárìn oògùn ni wọ́n, wọn kì í gba iṣẹ́ oògùn ṣe. Pirinsípà káwọ́ sẹ́yìn, ó ń gbọ́ bí ọmọ kíláàsì kìíní.

Láti ìgbà náà, wọn kì í gbé oògùn mì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí tábìlì ni wọ́n ti ń gbé e mì láràárọ̀, ògì níwájú wọn, ṣúgà nínú tíì Mojírádé.

"Ẹ ya ẹnu," ni Mojírádé yóò wí, bí ẹni ń bá ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sọ̀rọ̀. Pirinsípà yóò ya ẹnu, yóò gbé ahọ́n sókè kó lè rí i pé kò fi oògùn pamọ́.

"Ó kàn ọ́."

Mojírádé yóò ya tirẹ̀. Pirinsípà a máa wò ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Bàbá Tósìn, ẹ ò lè rí ìfun mi láti ibẹ̀ yẹn."

"Mo mọ̀," ni ó wí, kò sì gbójú kúrò.