Ẹni Tí Kò Lè Jókòó

Wọn kò tíì fun fèrè tí Géraldine ti ń sáré. Ó ti kọjá igi máńgòrò tó wà níwájú kí ó tó gbọ́ ohùn Dieudonné, olùkọ́ eré ìdárayá tó ṣètò gbogbo rẹ̀, tí ń pè é padà.

"Madame, ẹ padà wá. Kò tíì sẹ́ni tó ń lé yín."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Géraldine náà rẹ́rìn-ín, ó padà sáàárín wọn, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń tún okùn bàtà tí kò tú dè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ láti dúró jẹ́ẹ́.

Òwúrọ̀ Àbámẹ́ta ni. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìn àwọn àpáta ìlú Savè, àwọn ènìyàn sì ti kún etí adágún: olùkọ́, nọ́ọ̀sì, àgbẹ̀ láti abúlé Ofè tó wọ bàtà oko, àti ìyá arúgbó kan tó ní òun kàn fẹ́ rìn ni. Wọn yóò sá yí omi po. Ẹni tó bá rẹ̀ yóò rìn, kò sì sí ẹ̀bùn fún ẹni àkọ́kọ́. Àríyá lásán ni, Dieudonné ti sọ ọ́ títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó o.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà gba iwájú ilé Ìyá Romuald. Ohun tí kò jẹ́ kí Géraldine sùn mọ́jú nìyẹn.

Romuald ni ọkọ rẹ̀. Ó kú nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àìsàn tí kò pẹ́ rárá ló mú un lọ. Nínú ìdílé wọn, oṣù mẹ́ta ni opó fi ń jókòó lórí ẹní nílé ìyá ọkọ, nínú aṣọ dúdú, láìjáde. Oṣù kan ni Géraldine jókòó. Ó dìde, ó bọ́ aṣọ dúdú, ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dúró de òun. Ọmọ Pobè ni, iṣẹ́ ìjọba ló gbé e wá sí Savè, àwọn ará ilé sì sọ pé àlejò ni, kò mọ àṣà. Kò rí bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ mìíràn ti gba kíláàsì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó lé e kúrò lórí ẹní ni pé bó bá ti jókòó jẹ́ẹ́, yóò máa gbọ́ alùpùpù Romuald tó ń wọ àgbàlá, yóò sì dìde lọ ṣílẹ̀kùn fún òkú.

Láti ìgbà náà ni Ìyá kò ti dáhùn kíkí rẹ̀ mọ́. Géraldine a kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà, a ní ẹ kú àárọ̀, ìyá a sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé ewúrẹ́ ló ké. Kí ènìyàn kúnlẹ̀ kí àgbà má dáhùn, ìyà wo ló jù bẹ́ẹ̀ lọ? Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé kiri. Romuald kò fi ọmọ sílẹ̀. Ìyá yìí nìkan ló kù tó so ó mọ́ ọn. Ó ti bá ara rẹ̀ sọ ọ́: bí Ìyá kò bá dáhùn lónìí, òun yóò tọrọ kí wọ́n gbé òun padà sí Pobè, ó sì parí.

Fèrè dún. Wọ́n sáré.

Faïzatou, olùkọ́ tó kéré sí i, ló ń bá a sá lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Madame, ìró wo lẹ ká dì mọ́ ìbàdí lórí ṣòkòtò yẹn? Ṣé igi ìdáná lẹ fẹ́ lọ ṣẹ́ ni?"

"Fi mí sílẹ̀, jọ̀ọ́."

Àwọn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà kò mọ bí wọn ó ṣe kí wọn. A ní kíkí fún iṣẹ́, a ní fún ìjókòó, a ní fún òjò àti fún ìnáwó, ṣùgbọ́n kí là á kí àgbàlagbà tó ń sáré lásán? Àwọn kan ní "Ẹ kú ìrìn". Àwọn kan ní "Ẹ kú ewu". Ọkùnrin kan tó ń sá gbágùúdá sórí àpáta ní "Ẹ pẹ̀lẹ́ o", bí ẹni tó ń kí ọlọ́fọ̀.

Lẹ́yìn náà ni eré dúró. Dieudonné ti ro ti òjò, ó ti ro ti omi mímu, kò ro ti àwọn àgbà. Àwọn bàbá kan jókòó sábẹ́ igi láti wòran. Ẹni tó síwájú dé ọ̀dọ̀ wọn, ó dọ̀bálẹ̀. Ẹni tó tẹ̀lé e dọ̀bálẹ̀. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Ta ló fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun gba iwájú àgbà kọjá bí ẹran? Dieudonné fun fèrè títí, nígbà tí ó sú u, òun náà dọ̀bálẹ̀. Wọ́n súre fún un.

"Ẹnìkan kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún," ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà wí. "Bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Ẹ̀yin, kí ló ń lé yín?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Géraldine ti dìde, ó ti ń lọ.

Faïzatou sáré bá a. "Ilé Ìyá yín ló kàn. Ẹ jẹ́ ká gba inú oko, ẹ̀yìn ilé la ó yọ sí."

Ó wu Géraldine. Ó tilẹ̀ ti yà díẹ̀. "Bí mo bá gba ẹ̀yìn lónìí," ó wí, "ẹ̀yìn ni n ó máa gbà lọ. Ìwọ máa lọ."

Ìyá kò jókòó wòran bíi ti àwọn yòókù. Ó ń gbálẹ̀. Kò sí ewé kan nílẹ̀, kò sí pàǹtí. Ó ti ń gbá ojú kan náà tipẹ́, débi pé ilẹ̀ ti jìn tí gbòǹgbò igi sì ti yọ síta. Géraldine tú ìró, ó ró o lé ṣòkòtò, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, Ìyá."

Ìgbálẹ̀ ń lọ. Àwọn tó ń sáré dé, wọ́n kí Ìyá, ó dá wọn lóhùn, wọ́n kọjá. Òkúta ń gún Géraldine lórúnkún. Ojú tì í. Ó fẹ́ dìde kí ó máa sá lọ títí dé Pobè.

"Ìyá, kì í ṣe ilé-ìwé ló gbé mi dìde nílé yín. Mi ò lè jókòó ni. Bí mo bá ti jókòó, mo máa ń gbọ́ alùpùpù rẹ̀."

Ìgbálẹ̀ dúró.

"Nírọ̀lẹ́?" Ìyá bi í.

"Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú."

Ìyá wo ẹnu ọ̀nà àgbàlá. "Ó máa ń fun fèrè alùpùpù rẹ̀ kó tó wọlé. Ó ṣì ń fun ún."

Ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri. Ó tún ìró ara rẹ̀ ró, ó so ó le.

"Dìde, ìyàwó. Níbo lẹ ń sá lọ?"

"A kàn ń yí omi po ni, Ìyá. Kò síbi kankan."

"Ó dáa. Jẹ́ ká lọ."

Géraldine rọra ń gbẹ́sẹ̀ kí arúgbó lè bá òun. Ṣùgbọ́n Ìyá ti lọ jìnnà, ó ń fo kòtò ọ̀nà náà lọ́kọ̀ọ̀kan láìwo ilẹ̀, bí ẹni tó ń rìn ín lójoojúmọ́. Kò wẹ̀yìn. Géraldine ká ìró rẹ̀ sókè, ó sì sáré kí ó tó lè bá a.