Abọ́ Sààrì Ìyá Àgbà

"Egungun! Egungun gbígbẹ ni mo fọwọ́ kàn, Nímọ̀! Mo ní kí n dì mọ́ ìyá mi, àfi bí ìgbà tí mo dì mọ́ ìdì igi ìdáná! Ta ló ní kí o máa fi ebi sin ìyá mi láàyè?"

Àníọlá ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n Rasheed lóbìnrin, tó ń ta aṣọ òkìrìkà ní Dùgbẹ̀. Kò tíì tú gèlè, kò tíì fọwọ́ kan omi tí wọ́n bù fún un. Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Agbowó, ó na ìka sí ìyàwó àbúrò rẹ̀ bí ẹni fẹ́ fi yọ ọ́ lójú.

Nimotallahi kò sún sẹ́yìn. Ẹnu tirẹ̀ náà kì í ṣe ẹnu tí wọ́n fi ń mu omi nìkan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra. Ààwẹ̀ ni Ìyá ń gbà. Èmi kọ́ ni mo pa á láṣẹ fún wọn."

"Ààwẹ̀ kí ni? Ramadan tó ti lọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀! Àbí Agbowó ní oṣù tiyín tó yàtọ̀ sí èyí tí Ọlọ́run dá?"

"Èyí tó wà lọ́rùn wọn ni wọ́n ń san. Èyí tí wọ́n jẹ nígbà tí wọ́n lóyún yín, tí wọ́n ń fún yín lọ́mú. Tiyín náà wà nínú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kí wọn kú ìnira."

Àwọn ayálégbé tó ti yọrí síta rẹ́rìn-ín. Àníọlá kò rẹ́rìn-ín.

Òótọ́ ni Nímọ̀ sì sọ. Ọdún 1995 ni, ọdún tó jẹ́ pé ẹni tó bá rí kẹrosíìnì rà, ńṣe ló ń faṣọ bò ó gbé wálé bí ẹni jọ́mọ gbé. Ilé iṣẹ́ tí Rasheed ń bá ṣiṣẹ́ ní Ring Road ti ní kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa lọ sílé. Láti ọjọ́ náà ni Nímọ̀ ti di mínísítà ètò ìnáwó fún yàrá méjì àti ọmọ mẹ́ta, Suhail ni àkọ́bí wọn. Ó ti sítóòfù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọjà pákó Bódìjà ló ń lọ, ó ń gbá lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ń tú sílẹ̀ lára igi, ó ń kì í mọ́ inú agolo gírígírí, ó ń fi ìgò dá ihò sí i láàárín, ìyẹn ló fi ń dáná. Èéfín rẹ̀ sì ń ta sójú bí ata. Òwú ló fi ń gé ọṣẹ kó má baà rún. Ìdérí ìgò ló fi ń wọn epo sọ́bẹ̀. Ẹran ti di ìtàn. Pọ̀nmọ́ ló jogún orúkọ rẹ̀, ìyẹn náà kì í sì í wá lójoojúmọ́.

Rasheed kò gbẹ́yìn nínú ìfowópamọ́ yìí. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn láti Agbowó dé Challenge, níbi tó ti ń ru búlọ́ọ̀kù fún àwọn bíríkìlà, kí owó mọ́tò má baà jẹ owó iṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde. "Má wulẹ̀ bu tèmi sílẹ̀," ló máa ń wí fún ìyàwó rẹ̀. "Bù ú fáwọn ọmọ." Àánú rẹ̀ a máa ṣe Nímọ̀ títí omi á fi lé sójú rẹ̀. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló mọ Rasheed ní ọkọ tó ń fi oúnjẹ du ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí Ramadan parí, Ìyá Àgbà tó bí Rasheed ní òun kò tíì ṣíwọ́. Obìnrin tó bá ti lóyún rí, tó bá ti fọ́mọ lọ́mú rí nínú oṣù ààwẹ̀, mọ̀ pé àwọn ọjọ́ tóun jẹ wà lọ́rùn òun. Ìyá sì bí ọmọ mẹ́jọ. Ó ní òun kò fẹ́ rù ú dé iwájú Ọlọ́run. Ta ni yóò bá a jiyàn?

Ká má purọ́, inú Nímọ̀ dùn. Oúnjẹ ọ̀sán ẹnì kan dín nínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n Nímọ̀ kì í ṣe ìkà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á bu sààrì Ìyá sínú abọ́ tánńganran, á dé e, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀, kí Ìyá lè jí jẹ ẹ́ kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀. Abọ́ yẹn ló máa ń kún jù nínú ilé, torí ẹni tó máa fi ebi ru oòrùn, ó yẹ kó kọ́kọ́ jẹun yó. Bí ilẹ̀ bá mọ́, abọ́ á ti mọ́ bí ìgbà tí ológbò lá a. Nímọ̀ rí i pé Ìyá ń rù. Ọjọ́ orí ló dá a lẹ́bi. Ọjọ́ orí ni à ń di ẹ̀bi rù nígbà tí a kò bá fẹ́ wo nǹkan dáadáa.

"Abọ́ ń kún lálẹ́, abọ́ ń ṣófo láàárọ̀!" Nímọ̀ ti ń lahùn báyìí. "Ẹ bi Ìyá Wándé. Ojú wọn ni mo ṣe ń bù ú."

Ìyá Wándé, aládùúgbò tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwọn, gbé ọmọ pọ̀n dáadáa. "Lójú mi ni. Sààrì yẹn kún débi pé èmi tí mò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti fẹ́ máa gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀."

"Ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́, ẹlẹ́rìí ọ̀fẹ́!" Àníọlá kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. "Bí wọ́n bá ń jẹ ẹ́, níbo ló ń gbà lọ? Adìẹ tó ń jẹ ààtàn lásán lẹ́ran lára! Àbí ò ń ta oúnjẹ ìyá mi fáwọn akẹ́kọ̀ọ́, Nímọ̀?"

"Bí mo bá ní oúnjẹ tí mò ń tà, ṣé màá máa du lẹ́búlẹ́bú pẹ̀lú ewúrẹ́ ní Bódìjà? Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo lẹ rí wọn gbẹ̀yìn? Ọjọ́ ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ni. Ọwọ́ lásán lẹ gbé wá lọ́jọ́ náà, òun náà lẹ tún gbé wá lónìí. Ẹ̀yin náà ń ṣọ́wó ná, mi ò bú yín."

Èyí dun Àníọlá. Ó gbá itan.

"Rasheed! Rasheed, jáde síta! Ọjọ́ Àìkú lònìí, má sọ pé o wà níbi iṣẹ́!"

Rasheed yọ jáde láti inú yàrá, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, èjìká rẹ̀ ti bó níbi tó ń gbé búlọ́ọ̀kù lé. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló ti ń gbọ́.

"Èmi ń mú Màámi lọ lónìí," ni Àníọlá wí. "Ṣùgbọ́n kí n tó kẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ìwọ olórí ilé, fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Ṣé obìnrin tó ń febi pa ìyá rẹ ló máa sun ilé yìí lálẹ́ òní? Kó kó ẹrù rẹ̀, kó gba ilé ìyá tirẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé lọ. Bí o bá gbà á láyè, màá pe ẹbí jọ, orúkọ tí wọ́n bá sọ ọ́ níbẹ̀ ló máa bá a lọ sí sàréè."

Nímọ̀ gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀. Kò retí púpọ̀. Kí ó ṣáà ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Ó tó. Gbólóhùn kan péré ló dúró sáàárín òun àti orúkọ ẹni tó febi pa ìyá ọkọ.

Rasheed yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Nímọ̀," ni ó wí, "kí lo ṣe fún ìyá mi?"

Ó dà bíi pé wọ́n da omi tútù sí Nímọ̀ lẹ́yìn ọrùn. Nígbà tó yá, ó tún ìró rẹ̀ ró dáadáa, ó kọjá lára Àníọlá, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Àgbà tó jókòó sórí àpótí, tẹ̀súbáà lọ́wọ́.

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni inú sọ ohun tó ń wọ inú rẹ̀. Ìyá, ẹ wà lẹ́nu ààwẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé irọ́ ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Ṣé mo ń gbé sààrì fún yín àbí mi ò gbé e?"

"O ń gbé e, ọmọ mi. Ojoojúmọ́. Ó sì ń kún."

"Ẹ gbọ́ o! Ṣé ẹ̀ ń jẹ ẹ́?"

Tẹ̀súbáà dúró lọ́wọ́ Ìyá. Ojú rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí Rasheed dúró sí, ó tètè mú un kúrò, ó wolẹ̀.

Àníọlá wá sún mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Màámi, ẹ sọ ọ́. Ẹ fi ààwẹ̀ ẹnu yín sọ ọ́ fún mi. Ṣé ẹ̀ ń jẹ ẹ́?"

Ìyá Àgbà wo kọ́ọ̀pù omi tí wọ́n bù fún Àníọlá. Ó na ọwọ́ sí i. Oòrùn wà lókè gan-gan, ìrun ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n fi ń ṣínu ṣì jìnnà. Kò sẹ́ni tó rántí dá a dúró. Ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún, ó mu ún tán, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Mò ń jẹ ẹ́," ni ó wí. "Èmi gan-an ni mò ń jẹ ẹ́."

Kò sí Mùsùlùmí kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn tí kò yé. Ìyá Wándé pàápàá fọwọ́ bo ẹnu. Arúgbó gbé ààwẹ̀ dé ọ̀sán gangan, ó wá jù ú nù níṣojú gbogbo ayé kí ó lè ráyè purọ́. Kò sì sí obìnrin tó ń ṣe irú èyí nítorí ara rẹ̀.

Nítorí ta wá ni? Àwọn ọmọ kì í jí àfi tí wọ́n bá nà wọ́n. Òun Nímọ̀ kò tọ́ ọ wò rí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹni méjì péré ló ń jí nínú yàrá méjèèjì: ẹni tó fẹ́ jẹ sààrì, àti ẹni tó ń rìn lọ sí Challenge, tó ní kí wọ́n má bu tòun sílẹ̀.

Nímọ̀ dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ilẹ̀ ni Rasheed ń wò. Ohùn jẹ́jẹ́ tí ó fi ń kí i káàbọ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló fi bá a sọ̀rọ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì gbọ́ ọ ketekete.

"Bàbá Suhail, ẹ má bínú o. Sààrì Ìyá tí ẹ̀ ń jẹ yẹn, ṣé iyọ̀ rẹ̀ máa ń tó yín?"