Tábìlì Ẹ̀bá Fèrèsé

Àwọn tata kọ̀, wọn ò kú. Ńṣe ni wọ́n ń jẹ ewé, tí wọ́n ń fò kiri inú àpótí aláwọ̀n wọn. Ìyá Tata, bí wọ́n ti ń pe obìnrin tó ń ṣèwádìí nípa wọn, dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

Olu tí ọkọ rẹ̀ rí ni ó fọ́n sí wọn lára. Kì í ṣe olu tí à ń jẹ. Wínníwínní ni, ó jọ èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu. Bó bá bà sára tata, yóò lu awọ rẹ̀ wọlé, yóò sì máa jẹ ẹ́ láti inú. Nínú ilẹ̀ oko kan ni ọkọ náà ti bù ú, ó sì tọ́ ọ bí ọmọ, kí àgbẹ̀ lè ṣẹ́gun tata láìlo májèlé. Ikú ò jẹ́ kó parí rẹ̀. Bí olu náà ò bá wá ṣiṣẹ́, wọn yóò dà á nù.

"Ìyá Tata, ṣé àwọn ọmọ rẹ jí dáadáa?" Ọ̀gá ilé ìwádìí wọn ti yọrí lẹ́nu ọ̀nà.

"Wọ́n jí, sà. Wọ́n tiẹ̀ jí jù."

"O kúkú ń kẹ́ wọn. Èmi nílé ò rírú ewé tútù yẹn jẹ." Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. "Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi, tó bá fi máa di ìparí ọ̀sẹ̀ tí wọn ò kú, a ó mú olu mìíràn o."

"Mo gbọ́, sà."

Bí ọ̀gá ti lọ, ara Ìyá Tata ò tún gba ìjókòó mọ́. Tábìlì ọkọ rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé ló gbé àpótí náà sí. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé e síbòmíràn. Oòrùn wọlé. Lójú rẹ̀, àwọn tata fi ewé sílẹ̀, wọ́n gun àwọ̀n, wọ́n kọ ẹ̀gbẹ́ sí oòrùn, wọn ò mira. Bí oòrùn ti ń sún ni wọ́n ń sún tẹ̀ lé e.

"Sún mi sí oòrùn." Ohun tí ọkọ rẹ̀ ń wí nìyẹn nígbà tí ibà dá a wó, tó ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ méjì.

Ó yé e. Olu náà ò fẹ́ ooru. Àwọn tata ń fi oòrùn dá ibà sí ara wọn, kí ibà náà lè bá wọn lé àlejò inú wọn.

Ó fa kọ́tìnì bo fèrèsé.

Kó tó di ìparí ọ̀sẹ̀, wọ́n ti ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun funfun ń hù ní oríkèé wọn. Ọ̀gá wò ó, ó pàtẹ́wọ́.

"Ọ̀rẹ́ mi ò ṣiṣẹ́ lásán! Àgbẹ̀ máa gbọ́ èyí!"

Ayọ̀ ń bọ̀ lọ́kàn Ìyá Tata, kò sì lè gbà á.

"Kọ́tìnì ni mo fà, sà."

"Kí ló wá kan kọ́tìnì?"

"Nínú oòrùn, ara wọn máa ń borí olu náà. Oko ò sì ní kọ́tìnì."

Ọ̀gá yíjú sí i. "O ò bá ti dákẹ́."

"Ọ̀rẹ́ yín náà ò ní dákẹ́, sà."

Ìyá Tata fa kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìwọ̀nba tata tó kù wọ́ ara wọn lọ síbi ìmọ́lẹ̀. Ó jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀, oòrùn ń ta á lọ́wọ́. Kò pẹ́, ó tún dìde, ó lọ já ewé tútù wá fún wọn.