Ọrùn Sijke

Ọkùnrin tó bá fẹ́ràn adìyẹ ju ìyàwó lọ, ẹ má bá a jà, àìsàn ni. Douwe ọkọ mi ni mò ń wí. Ní abúlé wa ní Friesland, adìyẹ dúdú tí ìyẹ́ funfun bo gbogbo orí rẹ̀ títí kan ojú ni a fi ń díje nígbà òtútù, ó sì ti dá Douwe lójú pé Sijke, adìyẹ tirẹ̀, ni yóò gba ipò kìíní lọ́dún yìí. Ọṣẹ ọmọ ọwọ́ ló fi ń fọ ìyẹ́ orí rẹ̀, ẹ̀rọ tí mo fi ń mú irun gbẹ ló sì fi ń mú un gbẹ. Èmi ńkọ́? Kò mú irun mi gbẹ rí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìdíje bẹ̀rẹ̀ ni ọrùn Sijke wọ́. Orí rẹ̀ yí sẹ́yìn, ó ń wo òkè. Tó bá fẹ́ rìn, á máa pòòyì títí á fi ṣubú. Kò lè ṣa oúnjẹ jẹ. Douwe jókòó sórí garawa, ó ń sunkún.

Mo ránṣẹ́ pe Froukje, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ti ń sin irú adìyẹ yìí tipẹ́.

"Agbárí wọn kì í le lábẹ́ ìyẹ́ yẹn," ó ní. "Bí adìyẹ mìíràn bá fẹnu ṣá a níbẹ̀, ọpọlọ ló ń kàn. Ẹ gé ìyẹ́ yẹn, ká rí abẹ́ rẹ̀."

"Ká gé kí ni?" ni Douwe wí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúkú ní ká bẹ́ ẹ lórí."

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìyẹ́ ni mo ní kí ẹ gé."

"Ṣé adìyẹ apárí ni mo fẹ́ gbé lọ síbi ìdíje?"

"Gbé òkú lọ nígbà náà."

Douwe ní ká dúró kí ìdíje parí ná. Inú bí mi. Mo mú sísọ́ọ̀sì láti ilé ìdáná.

"Dì í mú," mo wí fún un, "tàbí kí n fi tìrẹ bẹ̀rẹ̀."

Ó dì í mú, ó di ojú. Mo gé e. Ọgbẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ibi tí àkùkọ wa ti fẹnu ṣá a ni. A fi omi iyọ̀ nù ún, a yà á sọ́tọ̀ sínú páálí níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti pọ̀, a fi aṣọ gbé ọrùn rẹ̀ ró. Froukje ní ká máa fún un ní fítámì E àti fítámì B. Èmi ń po ẹyin sísè mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Ọkọ mi di abiyamọ: ó ń fọwọ́ gbé orí rẹ̀ dúró, ó ń kán omi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu díẹ̀díẹ̀, kí omi má baà pá a lórí. Kọfí tirẹ̀ á tutù, kò ní rántí.

Ìdíje kọjá, ẹlòmíràn gba ife. Douwe kò tilẹ̀ béèrè ta ni. Ọrùn Sijke ń tọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa oúnjẹ fúnra rẹ̀, ara tù mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a gbé e sórí koríko. Láti ìgbà tó ti jáde nínú ẹyin, bí Douwe bá na ọwọ́ sí i, jìnnìjìnnì ni yóò bá a, á sá lọ kọlu ọgbà. Douwe á ní ẹwà ló ń gùn ún. Lọ́jọ́ yìí, Sijke gbé orí dúró ṣánṣán. Ó wo màlúù tó wà lẹ́yìn ọgbà, ó wo èmi. Ó wá rí Douwe. Ó rìn tààrà lọ bá a, ó dúró síwájú bàtà rẹ̀, ó ń wò ó lójú.

Douwe yíjú sí mi.

"Hiltje," ó ní, "gbogbo bí mo ṣe ń fọ orí yẹn, kò rí mi rí."