Ìró Dókítà Títíladé àti Omi Ẹ̀gẹ́

Tí wọ́n bá ní kí ẹ dárúkọ ẹni tó mọ aṣọ gé jù láti Okitipupa dé etí òkun, ẹ má fi àkókò ṣòfò, èmi Dúrósinmí ni kí ẹ pè. Tí mo bá mú sísọ́ọ̀sì dání, aṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì á ti máa gbọ̀n. Imú mi náà kò kéré o. Tí wọ́n bá rẹ ẹ̀gẹ́ ní Igbotako, èmi tí mo wà ní Okitipupa ni màá máa bì.

Ẹ̀gẹ́ rírẹ yẹn gan-an ló lé mi kúrò nílé. Pupuru ni Màámi ń ṣe ní Ìjù-Odò. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú dùrọ́ọ̀mù títí á fi rà, wọ́n á fọwọ́ yọ okùn inú rẹ̀, kí wọ́n tó mọ ọ́n róbótó gbé e sórí èéfín. Òórùn omi yẹn lè jí òkú, kí òkú náà sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá òun padà. Ó wọ irun mi, ó wọ inú Bíbélì mi. Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ kí ní ṣọ́ọ̀ṣì di imú kí n tó ya ẹnu. Ni mo bá sá lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ Àńtí Vivian ní Okitipupa, ó sì gbà mí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí mo gba fíríídọ̀mù. Ṣùgbọ́n Màámi ti sọ ọ́: ọjọ́ tí Àńtí Vivian bá lé mi, ìdí dùrọ́ọ̀mù ẹ̀gẹ́ ni mò ń bọ̀.

Lọ́jọ́ kan ni Dókítà Títíladé wọlé, ará Ọ̀yọ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì. Ó gbé ìró ìyá rẹ̀ tó ti kú wá, mẹ́ta.

"Ẹ bá mi gé wọn sí onígun mẹ́rin, ínṣì mẹ́jọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Kí ẹ wá rán an pọ̀ di ìbora fún ọmọ mi tó ń lọ sílé ọkọ. Ẹ jọ̀ọ́, irú aṣọ yìí kò sí lọ́jà mọ́."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà," mo ní. "Tí mo bá gé e tán, àwọn áńgẹ́lì á wá yá páálí tí mo fi wọ̀n ọ́n."

Àńtí Vivian fẹsẹ̀ gbá mi lábẹ́ tábìlì.

Dókítà lọ. Etí ìró kan wà tó ti ya, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ dán an wò. Mo gbé páálí lé e, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, mo gé. Háà! Aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ láti ayé Nóà, ó rọ̀ ju ewé gbúre lọ, ńṣe ló ń yọ̀ lábẹ́ sísọ́ọ̀sì bí ẹja àrọ̀. Nígbà tí mo gbé páálí kúrò, ohun tí mo rí níbẹ̀ jọ máàpù Nàìjíríà.

"Dúró, kí lèyí?"

"Aṣọ ló ń sá, Àńtí. Ó ń bẹ̀rù mi."

"Sítáàṣì ni wọ́n ń fún aṣọ tó bá rọ̀ báyìí, kó lè dúró. Ìyá ẹ ní ẹ̀gẹ́ nílé. Lọ ṣe é wá. Ọ̀la ni Dókítà ń bọ̀ wá wò ó. Tí o bá ba ẹyọ kan jẹ́ nínú aṣọ yìí, má padà síbí mọ́."

Mo kó àwọn ìró náà, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìjù-Odò. Màámi wà lóko, orí fóònù ló ti ń pariwo: "Abọ́ tí mo fi ewé bò lẹ́yìn ilé ìdáná! Funfun tó sùn sísàlẹ̀ rẹ̀ ni sítáàṣì!" Èmi ti fi áńkáṣíìfù tí mo kun mẹ́ńtólì sí di imú pa, mo tún di ojú, nítorí ẹni tó ní irú imú tèmi kì í fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣeré. Mo táràrà dé ẹ̀yìn ilé. Mo la ojú kan, mo rí omi funfun nínú dùrọ́ọ̀mù, mi ò wá abọ́ kankan mọ́, mo bù ú, mo sè é, mo ti gbogbo ìró bọ̀ ọ́, mo sá wọn sóòrùn. Wọ́n gan díẹ̀. Mo ká wọn sínú ọ̀rá, mo fi orin padà sí Okitipupa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé ìró àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi. Èéfín kan dìde. Ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà dìde, ó wò mí, ó lọ. Itọ́ kíkan kún ẹnu mi. Ibẹ̀ náà ni Dókítà Títíladé wọlé.

"Kí ló kú síbí?"

"Eku ni, Mà. Eku ńlá. Àjà ló kú sí."

Àńtí Vivian gbàgbọ́! Ó gun àga, ó ń fi ìgbálẹ̀ gún àjà. Ṣùgbọ́n Dókítà tẹ̀lé imú ara rẹ̀ dé ìdí tábìlì. Ó gbé ìró náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yára mú un jìnnà sí ojú.

"Ṣé eku ló ró ìró ìyá mi ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Omi ti lé sí i lójú. "Obìnrin tó jẹ́ pé ó mọ́ tónítóní títí ó fi kú. Ẹ kó aṣọ mi fún mi."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé títì. "Ẹ dákun, Mà. Ẹ fún mi di ìrọ̀lẹ́."

Ó wo Àńtí Vivian. Àńtí Vivian ní, "Ẹ fún un di ìrọ̀lẹ́, Mà. Tí kò bá dáa, ẹ̀yin á kó aṣọ yín lọ, òun á kó ẹrù tirẹ̀ lọ."

Nígbà tí mo kó wọn dé Ìjù-Odò, tí Màámi gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Omi pupuru lo bù! Dúró, ọmọ ta ni ẹ́ gan-an?" Kò bá mi fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo fi ọṣẹ fọ ìró wọ̀nyẹn, mo ṣan wọ́n, mo tún fọ̀ wọ́n títí èékánná mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń pàṣẹ.

"Tú imú ẹ. Imú ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Gbóòórùn dùrọ́ọ̀mù yẹn."

"Màámi, mo bẹ̀ yín."

"Gbóòórùn rẹ̀!"

Mo tẹrí ba. Mo bì síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n tẹrí sí abọ́ tí ewé bò: ẹ̀gẹ́ tútù tí wọ́n rin, tí wọ́n sẹ́, kò rùn rárá. Ó dà bí ẹ̀fun tí òjò pa. Mo fi omi gbígbóná rò ó, mo ti aṣọ bọ̀ ọ́.

Oòrùn ọjọ́ yẹn, èmi ni wọ́n dá a fún. Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, tí mo lọ ìró yẹn tán, ó gan bí ìwé. Mo fa òwú kan yọ nínú rẹ̀ kí n lè rí ibi tó ti tọ́, mo gbé páálí síbẹ̀, mo gé. Aṣọ kò mira. Mo ń tò wọ́n léra, etí wọn ṣe déédéé bí búrẹ́dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú agolo.

Dókítà dé. Kò tiẹ̀ wo igun kankan, imú ló kọ́kọ́ gbé sí i. Mo di èémí mú, ó tó odindi ọdún kan. Ó wá mú ọ̀kan, ó ṣẹ́ ẹ po láti igun dé igun. Etí bá etí.

"Ẹ máa rán an," ló sọ, ó sì jókòó.

"Àńtí, mo sọ fún yín!"

"O sọ fún mi lóòótọ́," ni Àńtí Vivian dáhùn. "Láti òní lọ, ìwọ ni wàá máa lọ bu sítáàṣì ṣọ́ọ̀bù yìí wá láti Ìjù-Odò."

Màámi kì í sì í fún mi ní sítáàṣì lásán. Àfi kí n kọ́kọ́ bá a yọ okùn inú ẹ̀gẹ́ rírà. Ní Sátidé tó kọjá, mo gbé abọ́ sítáàṣì lé itan lórí ọ̀kadà, èmi ọ̀gá agéṣọ gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ọlọ́kadà fa imú fín-ìn, ó yíjú padà.

"Bọ̀ọ̀dá, èló lẹ̀ ń ta pupuru yín?"

Mo gbé ọwọ́ tí mo fi yọ okùn ẹ̀gẹ́ sún mọ́ imú. Mo tutọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì.