Aboyún Inú Tẹlifíṣọ̀n Màmá Nọ́ọ̀sì

Oríṣiríṣi ọ̀lẹ ló wà láyé o, ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni ọ̀lẹ tó mọṣẹ́. Ẹni tí kò mọṣẹ́, wọ́n á lé e lọ, ọ̀rọ̀ á parí. Ẹni tó mọṣẹ́ tó tún ń ṣe ìmẹ́lẹ́, wọ́n á máa yìn ín ni, títí iṣẹ́ náà á fi gbé ẹlòmíràn ṣubú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti Wáyà.

Wáyà ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó máa ń gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ ògiri ní ilé alájà mẹ́rin kan tó ní fúláàtì mẹ́rìndínlógún. Ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́, torí iṣẹ́ tí kò lo wáyà ni iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló ń ṣètò rẹ̀ tí fídíò inú fóònù tàbí ti kọ̀ǹpútà fi máa ń bọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ láìsí okùn kankan láàárín wọn. Láńlọ́ọ̀dù fa íńtánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo sínú ilé náà fún gbogbo ayálégbé, ó sì ní kí Wáyà so gbogbo tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn. Bó ṣe ń so wọ́n, tẹlifíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni orúkọ òun. Ó tẹ "Pálọ̀." Tẹlifíṣọ̀n tún béèrè pé bí fóònù kan bá fẹ́ wọlé, ṣé kí òun kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ onílé? Ó tẹ "Rárá," kí wọ́n má baà máa pè é lójoojúmọ́ pé nǹkan kan ń béèrè nǹkan kan. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́rìndínlógún, Pálọ̀ ni gbogbo wọn ń jẹ́, gbogbo wọn ló sì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ó fi ọjọ́ kan ààbọ̀ parí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, láńlọ́ọ̀dù sì yìn ín.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ọmọ Màmá Nọ́ọ̀sì pè é.

Màmá Nọ́ọ̀sì ló ń gbé fúláàtì ìsàlẹ̀, lápá òsì. Opó ni, ó ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ogójì ọdún ló sì fi gbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn kó tó fẹ̀yìn tì. Òun nìkan ló ń gbé. Akọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ló máa ń wá wò ó lópin ọ̀sẹ̀. Òun ló pe Wáyà.

"Wáyà, jọ̀ọ́, wá bá mi yẹ tẹlifíṣọ̀n Màmá wò. Tó bá yá, wàá kúkú bá mi tú u kúrò lára ògiri."

Nígbà tó débẹ̀, Àǹtí, bí Wáyà ṣe máa ń pe ọmọ náà, fà á wọ kíṣìnì, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

"Màmá ti ń rí nǹkan," ó ní. "Wọ́n ní àwọn aboyún ń rọbí nínú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní àwọn á máa wo ìròyìn àwọn jẹ́jẹ́, ìròyìn á lọ, aboyún á dé. Sátidé tó kọjá, mo wọlé, mo bá wọn lórí ìdúró níwájú ẹ̀. Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú kirikiri. Wọ́n wá ń sọ fún un pé, 'Má tíì púùṣì o. Mí sínú, mí síta.'" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. "Mo pariwo mọ́ wọn, Wáyà. Èmi tí mi ò gbóhùn sókè sí wọn rí. Iṣẹ́ yẹn ti gun wọ́n lórí. Dókítà ti wò wọ́n, ọ̀la ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ oògùn."

 Wáyà ò tíì kúrò ní kíṣìnì tó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ìyàwó ọ̀ṣìngín kan wà ní àjà kẹrin, oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ ti wọ oṣù keje, òun àti ọkọ rẹ̀ sì máa ń wo fídíò tí wọ́n fi ń kọ́ni ní bí wọ́n ṣe ń bímọ. Wọ́n á mú fóònù, wọ́n á rí Pálọ̀, Pálọ̀, Pálọ̀ lójú rẹ̀, wọ́n á tẹ ọ̀kan. Tí wọn ò bá rí nǹkan kan lójú tẹlifíṣọ̀n tiwọn, wọ́n á pòṣé sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, wọ́n á tẹ òmíràn, ojú ti àkọ́kọ́ á sì ṣú dúdú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pe Wáyà pé fídíò àwọn ń sọnù, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Bó bá ṣèèṣì bọ́ sí fúláàtì àwọn ọ̀dọ́, wọ́n á tẹ rìmóòtù, wọ́n á gbàgbé. Ṣùgbọ́n ti Màmá ni Wáyà kọ́kọ́ so, tirẹ̀ ló máa ń wà lókè pátápátá nínú àwọn Pálọ̀ wọ̀nyẹn. Bí àgbàlagbà bá sì sọ ohun tójú ẹ̀ rí, dókítà ni wọ́n á pè.

Ó bá Màmá tó jókòó ní pálọ̀ pẹ̀lú aṣọ tó mọ́ tónítóní. Wáyà kí i, ó mú rìmóòtù, ó yí orúkọ tẹlifíṣọ̀n náà padà, ó sì ní kí ó máa gbàṣẹ kó tó gba ẹnikẹ́ni wọlé. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

"Wáyà," Màmá pè é, "ìwọ lo mọ inú ẹ̀. Ṣé kò lè gbé nǹkan tí mi ò pè jáde?"

Ibí yìí ni inú ti máa ń bí mi sí ọkùnrin yìí. Ó ti la ẹnu, ọ̀rọ̀ ti dé ètè. Ṣùgbọ́n láńlọ́ọ̀dù ń kọ́ ilé kejì, ogójì fúláàtì, ó sì ti ṣèlérí pé Wáyà ni yóò so gbogbo rẹ̀. Tí wọ́n bá wá gbọ́ pé gbogbo ilé yìí ló ṣí sílẹ̀ bí ọjà ńkọ́?

"Rárá, Mà," ó ní. "Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é."

Màmá mi orí, kò jiyàn. Àǹtí fọwọ́ bojú. Wáyà kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kúkú ti tún un ṣe; aboyún ò ní wá mọ́, ara Màmá á balẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán nílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ó wọ fúláàtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní òun wá bá wọn yẹ tẹlifíṣọ̀n wò lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì fún kálukú ní orúkọ tirẹ̀. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá, ó sì ń gba ọpẹ́ lé e lórí.

Ẹ wá wo ohun tó ṣe. Lóòótọ́, aboyún ò wá mọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì tó tún un ṣe ni Màmá bẹ̀rẹ̀ oògùn. Lójú gbogbo èèyàn, oògùn ló lé wọn lọ. Bí oògùn bá sì ti ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé àìsàn wà lára nìyẹn. Kò sẹ́ni tó tún ń ṣiyèméjì mọ́, bóyá Màmá pàápàá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí Wáyà tó pàdé Àǹtí lẹ́nu géètì.

"Oògùn yẹn ṣiṣẹ́ o," ó ní, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò dùn. "Dókítà ní wọn ò gbọ́dọ̀ dá gbé mọ́. A ti rí ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà. Ọjọ́ Ẹtì la máa kó wọn lọ. Wọn ò fẹ́. Wọ́n ní inú ilé yìí ni bàbá wa kú sí, inú ẹ̀ làwọn náà máa kú sí. Kí ni kí n ṣe? Bá mi wá tú tẹlifíṣọ̀n náà lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀."

Wáyà ní òun á wá. Ó ń gun àtẹ̀gùn lọ sí ibi tó ń lọ, ó sì pàdé ìyàwó ọ̀ṣìngín tó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó fọwọ́ di ikùn mú.

"Bọ̀ọ̀dá Wáyà, ẹ ṣeun o. Fídíò wa ò sọnù mọ́. Àṣé fúláàtì ẹlòmíràn ló ń lọ ní gbogbo ìgbà yẹn? Ẹ gbà mí, kí ni wọ́n á ti máa rò?" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Wáyà ò lè rẹ́rìn-ín. Ojú tì í débi pé ó jókòó sórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn tí obìnrin náà ti lọ. Ilé tuntun láńlọ́ọ̀dù, ogójì fúláàtì, gbogbo rẹ̀ sú u. Wọ́n fẹ́ mú ìyá kan kúrò nílé rẹ̀ nítorí pé Wáyà ò lè tẹ orúkọ mẹ́rìndínlógún.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Òótọ́ ni. Ẹni tó pa òwe yẹn ò kàn sọ ipò tí òtítọ́ máa bá onílé nígbà tó bá dé.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, páálí ló kún pálọ̀ Màmá. Wọ́n ti ká kọ́tìnnì. Màmá jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó kù, oògùn ti sọ ọ́ di ẹni tó ń ṣe nǹkan wọ́ọ́rọ́wọ́. Wáyà gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn páálí.

"Àǹtí, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Kò sí nǹkan kan tó ṣe Màmá. Ohun tí wọ́n ní àwọn rí, wọ́n rí i." Ó sọ gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀: orúkọ kan náà, ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ìyàwó òkè àti fídíò rẹ̀, irọ́ tóun pa.

Àǹtí gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fọwọ́ kàn án léjìká.

"O ṣeun, Wáyà. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn Màmá. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má sọ irú ẹ̀ létí wọn. Agbára káká la fi rọ̀ wọ́n tí wọ́n fi gbà láti lọ."

Àánú ló kà á sí! Wáyà dìde. Ó fa fóònù yọ, ó wá fídíò ìbímọ kan jáde, ó tẹ̀ ẹ́ sí tẹlifíṣọ̀n Màmá. Tẹlifíṣọ̀n gbàṣẹ, ó fi rìmóòtù gbà fún un. Lójú ẹsẹ̀, aboyún kan kún ojú tẹlifíṣọ̀n, ó ń rọbí, èémí rẹ̀ gba gbogbo pálọ̀.

Àǹtí jókòó sórí páálí. Ó wo fóònù, ó wo tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ bá ìyá rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Màmá, ẹ wò ó. Ṣé ohun tí ẹ ń rí nìyí?"

Màmá gbójú sókè. Oògùn lè mú ẹsẹ̀ wúwo, kò fọ́ ojú. Orí ọmọ ti ń yọ nínú tẹlifíṣọ̀n. Wáyà rí i pé Màmá rí i: bí obìnrin náà ṣe ń mí lòun náà ń mí. Lẹ́yìn náà ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo àwọn páálí, ó tún wo ọmọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ogójì ọdún ni. Ó mọ ohun tí wọ́n máa ń kọ sínú fáìlì aláìsàn tó bá ní òun rí nǹkan. Òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà.

"Kí ni kí n wò?" ó ní. "Mi ò rí nǹkan kan."

"Màmá, ó wà níbẹ̀. Èmi náà ń rí i."

"Dúdú ni mo rí, ọmọ mi. Kò sí aboyún kankan níbẹ̀. Kò síbẹ̀ rí." Ó fọwọ́ nu omijé lójú ọmọ rẹ̀, ó rọra ń sọ̀rọ̀. "Bá mi sọ fún dókítà bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ máa wá jẹ́ kí n dúró nílé mi?"