Màrìwò Lọ́rùn Ọ̀rá Ọsàn

Mọ́tò èrò tí Sìrájù ń wà kò tíì dúró tán ní Fìdítì tí àwọn ọlọ́sàn fi rọ́ lù ú. Atẹ ń gbá atẹ, ọwọ́ ń gba orí ọwọ́ kọjá sójú fèrèsé. Láàárín ìrọ́kẹ̀kẹ̀ yìí ni Olúwatóyọ̀sí gbójú sókè, tí ojú rẹ̀ sì ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti ọkùnrin kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ọdún kẹrin rèé tó ti ń ta ọsàn létí títì, kò sì rántí ojú oníbàárà kankan rí. Àmọ́ ojú eléyìí tutù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì dà bí ẹni pé gbogbo ariwo ọ̀hún dákẹ́ fún un.

"Mélòó lẹ fẹ́?"

"Mẹ́fà. Ẹ bá mi ṣà á fúnra yín."

Ó na owó sí i, Tóyọ̀sí gbà á. Ó wá ń ṣa ọsàn bí ẹni tó ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀ tí yóò fi sọ́rùn ara rẹ̀: èyí tó ń dán, èyí tó wúwo lọ́wọ́. Ibi tó ti ń ṣà á ni Sìrájù ti tẹná mọ́ mọ́tò. Tóyọ̀sí sáré tẹ̀ lé e títí bàtà rẹ̀ kan fi yọ. Kò bá a.

"Ojú oníbàárà lo ń wò, o ò wo mọ́tò," ni Àǹtí Rachel wí, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, tí àtẹ àwọn méjèèjì jọ wà lójú kan.

Oṣù kẹwàá ọdún 1992 nìyẹn. Nígbà tó di Fráìdè kejì, ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú wọn. Ó ní Stephen lorúkọ òun, pé Èkó ni wọ́n ti bí òun, òun sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kọ́máàsì nílé ẹ̀kọ́ kan ní Ìlọra.

"Mo wá gba ọsàn mi."

"Ọsàn wo?" ni Tóyọ̀sí dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rá tó kó ọsàn mẹ́fà náà sí wà lábẹ́ àga rẹ̀, ó sì ti ń pààrọ̀ ọsàn inú rẹ̀ kó má baà rọ.

"Ẹ fi ọsàn lọ̀ mí, mo gbà, mo sì sanwó. Àdéhùn ti wà láàárín wa nìyẹn. Ó ku apá tiyín."

"Ìwé dà?"

"Ẹnu náà ń ṣe àdéhùn. Kí ẹnìkan fi nǹkan lọ ẹnì kejì, kí onítọ̀hún gbà, kí kálukú ní ohun tó mú wá, kí orí àwọn méjèèjì pé, kí wọ́n má ṣe ọmọdé. Ó tán. Irú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni òfin sọ pé dandan ká kọ sílẹ̀. Tí ọsàn, ẹnu tó o."

"Ó dáa, Tíṣà, ẹ jókòó kí n bó ọ̀kan fún yín. Ìyẹn ò sí nínú àdéhùn."

"Ẹ̀bùn nìyẹn. Tí ẹ ò bá bó o, mi ò lè pè yín lẹ́jọ́."

Tóyọ̀sí rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí Fráìdè tí Stephen kì í yọ, tí kì í gba ọ̀rá ọsàn mẹ́fà.

Ní Fráìdè kan, Sìrájù dúró ti Àǹtí Rachel, ẹni tí ẹ̀kọ kún ẹnu rẹ̀. "Ìyá, mo fẹ́ ra ewúrẹ́ dúdú yín tí ẹ so sẹ́yìn àtẹ yẹn. Tí ẹ ò bá dá mi lóhùn kí n tó jẹ ọsàn yìí tán, a jẹ́ pé ẹ ti tà á fún mi."

"Kò rí bẹ́ẹ̀, Sìrájù," ni Stephen wí. "O ò lè sọ ìdákẹ́ ẹlòmíràn di bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá gbà ní láti jẹ́ kí ẹni tó fi lọ̀ ọ́ gbọ́."

Àǹtí Rachel gbé ẹ̀kọ mì. "Kó o tiẹ̀ jẹ ọsàn náà tèèpotèèpo, ewúrẹ́ mi ò lọ síbì kan."

Ó yá, Tóyọ̀sí fẹ́ ra ọsàn oko Bàbá Ifátúndé ní Ìmíní lórí igi, gbogbo ti sáà náà. Stephen bá a kọ ìwé àdéhùn, ṣùgbọ́n Tóyọ̀sí nìkan ló mú un lọ. Bàbá yí ìwé náà sókè, ó yí i sílẹ̀, ó tẹ̀ka sí i, ó sì ká a sínú fìlà. Lẹ́yìn náà ló gé màrìwò, tó ń so ó mọ́ igi ọsàn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìwé yín dára, ọmọ mi. Àmọ́ àwọn olùrà yòókù kò ní wo inú fìlà mi. Igi tí wọ́n bá ti rí màrìwò lọ́rùn rẹ̀, wọ́n mọ̀ pé mo ti gbà fún ẹnìkan."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Tóyọ̀sí lára.

Ní ìparí oṣù kọkànlá, Stephen fi lẹ́tà kan lé e lọ́wọ́. Ó kà á lẹ́yìn àtẹ, ọkàn rẹ̀ ń fò fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀. "Tóyọ̀sí, mo fẹ́ kí o jẹ́ aya mi. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Èkó fẹ́ kí n tọwọ́ bọ̀wé iṣẹ́ ọdún méjì. Bí o bá gbà, Ìlọra ni n ó dúró sí. Ọjọ́ tí a bá gba ọlidé Kérésì ni n ó lọ bá wọn. Bí n kò bá gbọ́ ohùn rẹ kó tó di ọjọ́ náà, n ó mọ̀ pé o kò fẹ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an ló kọ èsì pé òun gbà, tó wọ́n pọ́ńdà sí i.

"O fẹ́ ṣe kí ni?" Àǹtí Rachel bi í. "Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi dá ọkọ mi dúró kí n tó ṣíhùn fún un pé mo gbà. Ṣé ìwọ ni wọn ó ní o ti ń wá ẹni tí yóò gbé ọ tẹ́lẹ̀?"

Tóyọ̀sí ki lẹ́tà èsì náà bọ abẹ́ atẹ. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ náà ò gbé inú rẹ̀. Ó bá wá nǹkan ṣe sí i: ní Fráìdè mẹ́ta léraléra, màrìwò tútù ló fi so ọrùn ọ̀rá ọsàn Stephen. Lójú tirẹ̀, ó ti dáhùn. Stephen á gbà á, á dúpẹ́, á máa lọ. Ohun tí kò yé Tóyọ̀sí ni ìdí tí ẹ̀rín ọkùnrin náà fi ń dínkù ní Fráìdè kọ̀ọ̀kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọlidé, Sìrájù yọrí lójú fèrèsé mọ́tò rẹ̀. "Tíṣà yín ti di ẹrù o. Àpótí mẹ́ta. Èmi ni n ó gbé e kọjá ní agogo méjì."

Tóyọ̀sí yíjú sí Àǹtí Rachel. "Ṣebí mo ti dá a lóhùn."

"Kí lo wí fún un?" ni Àǹtí Rachel bi í.

"Mo so màrìwò mọ́ ọsàn rẹ̀."

"Ọmọ Èkó lo so màrìwò fún?" Àǹtí Rachel rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. "Ọjọ́ wo ló dá fún ọ?"

"Òní."

"O ò sì sọ fún mi? Mo ní kí o jẹ́ kó dúró dè ọ́, mi ò ní kí o jẹ́ kó lọ." Òun fúnra rẹ̀ ló gbé atẹ sókè, tó fa lẹ́tà náà yọ, tó sì fi lé e lọ́wọ́.

Agogo méjì lù, mọ́tò dé, àwọn ọlọ́sàn tún rọ́ lù ú. Ojú Tóyọ̀sí àti ti Stephen tún ṣe mẹ́rin, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin náà gbé ojú kúrò. Tóyọ̀sí kò gbé atẹ kankan. Ó fi èjìká là wọ́n já títí ó fi dé ojú fèrèsé.

"Tíṣà, màrìwò tí mo ń so fún yín ńkọ́?"

Stephen ṣí ìwé tó wà lórí itan rẹ̀. Ọ̀já màrìwò mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ó ti tẹ́ wọn pẹrẹsẹ sáàárín ewé ìwé. "Okùn ni mo pè wọ́n. Nítorí pé ọwọ́ rẹ ló so wọ́n ni mo ṣe tọ́jú wọn."

"Ní Ìmíní, igi tí wọ́n bá so ó mọ́, wọ́n ti gbà fún ẹnìkan nìyẹn."

Ẹ̀rín tó ti dínkù láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá ń yọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Sìrájù tẹná, mọ́tò kùn. "Tí ẹ ò bá dá mi lóhùn, a jẹ́ pé ẹ ní kí n máa lọ."

"Ìdákẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, Sìrájù," ni Tóyọ̀sí wí láì wo ẹ̀yìn. Gbogbo mọ́tò bú sẹ́rìn-ín.

Ó na lẹ́tà náà gba ojú fèrèsé wọlé, òórùn pọ́ńdà ṣì wà lára rẹ̀. Kò fi í sílẹ̀ títí ìka Stephen, gbogbo márààrún, fi pa dé mọ́ ọn.